Ẹnu Rẹ̀ Ni Mò Ń Wò

Ìyá ọkọ mi ló kọ́kọ́ rí ohun tí kò jẹ́ kí ọmọ mi tètè sọ̀rọ̀. Èmi tí mo gba ìwé ẹ̀rí lórí ọmọ kékeré, tí mo ti fi ọdún mẹ́fà kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi, mi ò rí nǹkan kan. Ẹnu ọmọ ni mo tẹjú mọ́.

Ìsánlú là ń gbé. Ará Kàbà ni mí, Owé ni mo gbọ́ dàgbà. Ọmọ Ìyàgbà lọkọ mi. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Òkun, ní ìpínlẹ̀ Kogí, á mọ̀ pé a kúkú gbọ́ ara wa: Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú, Ọ̀wọ́rọ̀, tí a bá ti kí ara wa ní "Òkun o", ọ̀rọ̀ bùṣe. Ṣùgbọ́n ohùn wa ò dọ́gba, àwọn ọ̀rọ̀ kan sì wà tí Màmá máa sọ tí màá ní kí wọ́n tún un sọ. Nínú ilé wa nígbà náà, Màmá ń sọ Ìyàgbà, èmi ń bá ìyá mi sọ Owé lórí fóònù, èmi àti ọkọ mi ń sọ Yorùbá ti gbogbo èèyàn, ọmọdébìnrin Ẹ̀bìrà tó ń bá wa gbé ń kọrin Ẹ̀bìrà tó bá ń fọ abọ́. Tí àlejò bá wá dé, a ó fa Gẹ̀ẹ́sì yọ bí ẹní gbé àwo tó dára sọ̀ kalẹ̀.

Àkọ́bí mi wáyé nínú oṣù kejì, ìgbà tí kajú ń já, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò sí ohun tí ọmọ náà kò ṣe lásìkò. Ẹ mọ ẹ̀rín tí ọmọ tuntun máa ń rín lójú oorun, tí àwọn àgbà máa ń ní òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ń ṣeré. Ìyẹn kì í ṣe tiwa. Tiwa ni èyí tó máa ń dé ní nǹkan bí oṣù kejì, tí ọmọ á wo ojú rẹ, tí ojú tirẹ̀ á sì tú ká bí ti ẹni tó rí owó he. Tèmi rín in kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Nígbà tó di oṣù kẹrin, tí mo bá ti ní "ẹ̀n-ẹ́n?", á dákẹ́, á dúró kí n parí, á wá dá mi lóhùn: "àgúù". Ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o, bí kò tilẹ̀ sí ọ̀rọ̀ kankan nínú rẹ̀: ìwọ sọ, èmi náà sọ.

Láti oṣù keje ni ọ̀fìnkìn ti ń ṣe é, kò lọ bọ̀rọ̀. Nígbà tí ọyẹ́ dé, etí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọyún. A nù ún. Aládùúgbò kan ní ká kán àdí lílọ́wọ́ọ́wọ́ sí i, òmíràn ní omi ọmú ni. A kán méjèèjì. Ọyún náà dá, a dúpẹ́. Ó tún dé, ó tún lọ. Nígbà tí etí gbẹ lóde, a gbà pé inú náà ti gbẹ.

Kí ọyẹ́ tó dé, mo gbé e lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára oṣù kẹsàn-án. Wọ́n gbé e sórí òṣùwọ̀n, wọ́n kọ kílò rẹ̀ sínú káàdì, wọ́n ní ó tóbi dáadáa. Nọ́ọ̀sì tó dá wa lóhùn ṣe jẹ́jẹ́ sí wa, ṣùgbọ́n kò bi mí bóyá ọmọ máa ń wẹ̀yìn tí mo bá pe orúkọ rẹ̀. Ọmọ oṣù mẹ́sàn-án yẹ kó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Ó sì yẹ kó ti máa to "ba-ba-ba", "ma-ma-ma" léra bí ẹni ń to bíríkì. "Ààà" àti "ẹ̀ẹ̀ẹ́" ni tèmi ń ṣe. Ohùn pọ̀ lẹ́nu rẹ̀, kọ́ńsónáǹtì ló wọ́n. Mo gbọ́ ọ lójoojúmọ́, mi ò gbọ́ ọ.

Ohun tó tàn mí ni pé ara ọmọ náà yá mọ́ èèyàn. Ó ń bẹ̀rù àlejò bó ṣe yẹ kí ọmọ oṣù mẹ́sàn-án bẹ̀rù (ọmọ tó bá ti mọ ẹni tirẹ̀ ló ń sá fún ẹni tí kì í ṣe tirẹ̀). Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ fa agbádá pásítọ̀ wa ya nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n gbé e. Tí Màmá bá fi ìborùn bojú tí wọ́n sì ṣí i, á rẹ́rìn-ín títí á fi tọ̀ sára. Ó ń pàtẹ́wọ́. Ó ń juwọ́ sí ẹni tó bá ń lọ. Ó pé ọdún kan, ó pe "màmá", a dáná ìrẹsì. Ó pé oṣù méjìdínlógún, "màmá", "bàbá" àti "bọ́ọ̀" ló ṣì wà nílẹ̀. Bọ́ọ̀lù ni èyí tó kẹ́yìn yẹn.

Àwọn èèyàn ò kúkú jẹ́ kí n bẹ̀rù. "Ọkùnrin kì í tètè sọ̀rọ̀." "Ọmọ tó bá tètè rìn, ẹnu rẹ̀ á pẹ́." Àǹtí ọkọ mi kan ní bàbá ọmọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta kó tó la ẹnu, pé ṣé a wá rí i bó ṣe ń pariwo ní ìpàdé ẹbí báyìí. Ẹnìkan yẹ abẹ́ ahọ́n ọmọ wò, ó ní ó so mọ́lẹ̀, kò so. Ẹlòmíràn ní ká wá omi tí odídẹrẹ́ mu kù fún un. Mo bi í léèrè pé odídẹrẹ́ ta ni ní Ìsánlú níbí? Ó ní òun ò mọ̀, kí n ṣáà wá a. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú ti ọkùnrin yẹn ṣá: àwọn ọmọbìnrin máa ń ṣáájú díẹ̀. Díẹ̀ ni mo pè é. Ìyẹn ò ní kí ọmọkùnrin ọdún méjì má lè so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀.

Mo ní ìwé kan tí mo kọ nǹkan wọ̀nyí sí nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́jì. Mo wá a jáde ní alẹ́ ọjọ́ kan tí wọ́n mú iná lọ, mo fi tọ́ọ̀ṣì kà á. Lẹ́yìn náà mo tún ka ti CDC, ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń mójú tó àrùn, lórí fóònù. Ọdún 2022 ni wọ́n tún àtòjọ tiwọn ṣe, tí wọ́n ní ohun tí àwọn bá kọ sí abẹ́ ọjọ́ orí kan gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ọmọ 75 nínú 100, ó kéré tán, ti ń ṣe nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí àwọn ọmọ tó já fáfá nìkan ń ṣe ni wọ́n kọ. Ọmọ oṣù 15 á ti máa gbìyànjú ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì lẹ́yìn màmá àti bàbá. Oṣù 18, mẹ́ta ó kéré tán. Ọdún méjì, kó máa so méjì pọ̀: "bàbá lọ", "omi tán". Ọdún méjì ààbọ̀, nǹkan bí àádọ́ta ọ̀rọ̀. Mo ka ti tèmi lórí ìka ọwọ́ kan, ìka ṣẹ́kù.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan, ní ìlú kan tí mi ò ní dárúkọ. Ẹni tó rí wa kò lò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Kò wo etí. Ó bi wá pé èdè mélòó là ń sọ nílé, ọkọ mi sì kà á fún un pẹ̀lú ìgbéraga, Ìyàgbà, Owé, Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, Ẹ̀bìrà díẹ̀. Ọkùnrin náà mirí.

"Ẹ ti da orí ọmọ rú. Ẹ mú ẹyọ kan. Ẹ mú Gẹ̀ẹ́sì, nítorí iléèwé."

Ọ̀gá tí mò ń bá ṣiṣẹ́ nígbà náà sọ ohun kan náà, inú rẹ̀ tilẹ̀ dùn sí i. Ẹ jọ̀ọ́, mo mọ̀ nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá o. Ta ló ṣe kọ́lẹ́jì olùkọ́ tí kò gbọ́ nípa iṣẹ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì jẹ́ iṣẹ́ kan láàárín iṣẹ́, tí àwọn ọmọ náà ò sì rẹ̀yìn? Wọ́n fi í dán mi wò, mo gba máàkì. Ọjọ́ tó wá kan ọmọ tèmi, gbogbo rẹ̀ pòórá lórí mi.

Mo lọ bá Màmá níbi tí wọ́n ti ń pa ẹ̀pà. Ìyàgbà ni wọ́n fi dá mi lóhùn, mo kàn ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí gbogbo wa lè kà á ni.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́ mà. Wọ́n ní ká má sọ èdè wa sí i mọ́."

"Kí wá ni kí n máa sọ sí i?"

"Gẹ̀ẹ́sì, mà."

"Ìyàwó mi, èmi ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì."

"Ẹ kàn lè máa ní 'kọ́ọ̀mù', 'sìdáùn', mà."

Wọ́n fẹ́ èèpo ẹ̀pà kúrò lórí àtẹ. Wọn ò jà. Ì bá sàn kí wọ́n jà.

Ẹ ò mọ ohun tí mo gbà kúrò nínú ilé yẹn lọ́jọ́ náà. Màmá ló ń wẹ ọmọ láàárọ̀ àti lálẹ́, ìwẹ̀ náà sì dà bí ìròyìn bọ́ọ̀lù orí rédíò: ọwọ́ rèé, ọwọ́ tí yóò fún mi lówó; a ti dé abíyá, abíyá ń rùn; ẹsẹ̀ dà, ẹsẹ̀ tí yóò gbé mi dé Mẹ́kà àti Jerúsálẹ́mù; kí wọ́n tó wá bọ́ sí oríkì rẹ̀, tí wọ́n á kì í títí omi á fi tutù. Láti ọjọ́ náà, wọ́n ń wẹ ọmọ bí ẹni ń fọ àwo. "Kọ́ọ̀mù." Omi. Ọṣẹ. "Sìdáùn." Ó tán. Ọmọ á máa wo ẹnu wọn, kò ní rí nǹkan kan tó ń mì níbẹ̀.

Èmi tí mo gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì náà ńkọ́? Gẹ̀ẹ́sì kíláàsì ni mo ní: jókòó, dákẹ́, wá, má fọwọ́ kàn án. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í rẹ ọmọ. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń fi í bá ọmọ ṣe yẹ̀yẹ́. Oṣù márùn-ún la fi pa àṣẹ fún ọmọ náà, a pe ìyẹn ní ọ̀rọ̀. Nígbà tí ilé dákẹ́ jù, mo gbé fóònù fún un kó máa wo àwòrán. Mo mọ̀ pé àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ti sọ ní 2019 pé ká má gbé ojú ẹ̀rọ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan rárá, pé ti ọmọ ọdún kan náà ò dára, pé ọmọ ọdún méjì kò gbọdọ̀ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́. Tèmi ń lo mẹ́ta. Á yí ohùn rẹ̀ lọ sókè pátápátá, á wá gbé e lé etí. Àwa náà á bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín: "Ẹ wo ọ̀gá, wọ́n ń pè é láti Àbújá."

Etí ló gbé e lé. Ojú wa níbẹ̀.

Ó pé ọdún méjì, kajú tún dé. Àbúrò ọkọ mi gbé ọmọ tirẹ̀ wá láti Mọ̀pà. Àwọn méjèèjì jọ dọ́gba ni, tèmi fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ju tirẹ̀ lọ. A tẹ́ ẹní fún wọn lábẹ́ igi, wọ́n kọjú sí títì, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ti agolo mílíìkì tirẹ̀. Màmá wà lẹ́yìn wọn lórí àpótí, wọ́n ń lọ́ kóró kajú kúrò lára èso, oje rẹ̀ ti pa gbogbo ìka wọn dúdú. Bisikíìtì kan wà lórí itan wọn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n ti ń rò ó tipẹ́, àbí ibẹ̀ ló ti sọ sí wọn lọ́kàn. Wọ́n kàn fi ìka méjì fún ọ̀rá bisikíìtì náà, jẹ́jẹ́. *Kùrẹ́kẹ́.*

Ọmọ Mọ̀pà ti yíjú kí ọ̀rá tó dákẹ́, ó ti na ọwọ́. Tèmi ń ti agolo rẹ̀ lọ.

Wọ́n tún un fún. Ọmọ Mọ̀pà dìde. Tèmi ń ti agolo.

Wọ́n wá pe oríkì rẹ̀, oríkì tí mo ní kí wọ́n má pè mọ́, ní ohùn tí èèyàn fi ń pe ọmọ tó ń sùn. Agolo.

"Màmá, eré ló gbà á lọ́kàn," mo wí.

Wọn ò dá mi lóhùn. Wọ́n gbé abọ́ irin tí kóró kajú wà nínú rẹ̀, wọ́n fi sọlẹ̀ gbàà! Ó yíjú. Àyà mi balẹ̀.

"Ṣé ẹ rí i, mà, ó ń gbọ́."

"Ilẹ̀ ló mì. Ẹsẹ̀ ló fi gbọ́ ìyẹn."

Mo dákẹ́. Gbogbo ẹ̀rí tí mo ní pé ọmọ mi ń gbọ́ràn, ìlẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ gbá pa, odó tí a ń gún iyán nínú rẹ̀, ọ̀kadà tó gbọ́n ògiri wa, gbogbo rẹ̀ kan ilẹ̀ tàbí kó pariwo jù. Màmá nu ọwọ́ wọn sí ìró.

"Oṣù márùn-ún lẹ fi pa mí lẹ́nu mọ́, nítorí ọmọ tí kò gbọ́ mi."

Ìlọrin la gbé e lọ. Láti Ẹ̀gbẹ̀ sí Erùkù, Òmù-Àrán, Ajàṣẹ́-Ìpo, mò ń pe orúkọ rẹ̀ sí i létí nínú ọkọ̀ títí obìnrin tó jókòó tì mí fi ní ṣé kò sí nǹkan. Dókítà etí tó rí wa kò kánjú. Kó tó fọwọ́ kan ọmọ, ìbéèrè ló kọ́kọ́ bi wá. Ṣé ó máa ń wò yín lójú? Ṣé ó máa ń gbé nǹkan wá fi hàn yín? Ṣé ó máa ń na ìka sí nǹkan?

"Rárá o," mo ní, "a kì í jẹ́ kó na ìka."

Ó gbójú sókè wò mí. Mo ṣàlàyé pé ọmọ tó bá na ìka sí àgbà, a máa ń gbá a lọ́wọ́ ni, nílé àti ní kíláàsì mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kì í ṣe ìka àrífín lòun ń bèèrè. Tí ọmọ bá rí òṣùpá, tàbí ewúrẹ́ tó gun orí ọkọ̀, ṣé á nà án sí ọ, á sì bojú wẹ̀yìn wò ọ́ bóyá ìwọ náà ti rí i? Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀! Ó máa ń ṣe é fún ewúrẹ́, fún ọkọ̀ àjàgbé tó ń gbé sìmẹ́ǹtì kọjá, fún iná tó bá dé. Ó ní ìyẹn dára gan-an. Ó ní ìka yẹn máa ń ṣáájú ọ̀rọ̀ ni, ọmọ fi ń sọ pé "ẹ wò ó" kí ẹnu tó lè sọ ọ́, pé ọmọ tí kò bá na ìka rárá títí dé ọdún kan ààbọ̀, ká má fi ṣeré. Mo rántí iye ọwọ́ ọmọ ọlọ́mọ tí mo ti gbá sílẹ̀.

Ó fi iná wo inú etí, ó wá ki rọ́bà kékeré kan bọ̀ ọ́, ẹ̀rọ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó ya ìlà jáde lórí bébà. Ti etí tó dá ṣáṣá máa ń ga láàárín bí òkè. Ti ọmọ mi tẹ́ lọ gbọọrọ, ọ̀tún àti òsì. Omi ló dúró lẹ́yìn awọ etí, ó ti ki bí ògì. Ihò tóóró kan wà tó so etí mọ́ ọ̀nà ọ̀fun. Ti ọmọdé kúrú, kò sì dagun tó ti àgbà, ọ̀fìnkìn ò pẹ́ dí i, omi inú etí á sì há. Kì í ṣe pé adití ni. Ó kàn ń gbọ́ wa bí ẹni tó ri orí sínú omi ń gbọ́ ẹni tó wà létí odò. Ohùn tó wúwo ń kọjá, àwọn fáwẹ̀lì ń kọjá. "S", "f", "k", "t", ìró ọ̀rá bisikíìtì, wọn ò kọjá.

Ibi tó sọ ìyẹn dé ni omi bọ́ lójú mi, nítorí ó yé mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ọmọ mi kì í ṣe aláìsọ̀rọ̀. Tí ebi bá ń pa á, á ní "ú-ẹ́-ì". Tí ẹnìkan bá ń lọ, á juwọ́, á ní "ó-à-ọ̀". Búrẹ́dì. Ó dàbọ̀. Òkè lókè, ìsàlẹ̀ nísàlẹ̀, kò ṣi ohùn kan. Àwọn tó ti ṣèwádìí lórí ọmọ tó ń kọ́ èdè olóhùn sọ pé ohùn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú kó tó kan kọ́ńsónáǹtì. Tèmi mú èyí tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwa tí à ń sọ èdè tí ohùn ló ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀ jókòó tì í, a ní kò sọ nǹkan kan.

Dókítà ní ká má kán nǹkan kan sí etí mọ́, ì báà ṣe àdí tàbí omi ọmú, ká má fún un ní fídà lórí ìdùbúlẹ̀, ká má pọ̀n ọ́n dáná nínú èéfín igi. Ó bi mí bóyá ó máa ń hanrun, bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, torí púpọ̀ nínú omi báyìí máa ń fúnra rẹ̀ gbẹ láàárín ìgbà náà. Tí kò bá gbẹ tí ìgbọ́ràn ò sì dára, àwọn lè fi ọ̀pá bíńtín kan sí awọ etí kó máa jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé. Ó rọrùn láti kọ báyìí. Oṣù mẹ́ta gùn fún ẹni tó ti sọ oṣù márùn-ún nù.

Obìnrin kan wà níbẹ̀ tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ. Mo jẹ́wọ́ èdè tá a fi òfin dè nílé fún un. Ó ní èdè méjì tàbí mẹ́ta kì í dí ọmọ lẹ́nu, pé tí ẹ bá ń ka ọ̀rọ̀ ọmọ, ẹ ka ti gbogbo èdè pọ̀. Ọ̀kan ní Ìyàgbà, ọ̀kan ní Gẹ̀ẹ́sì, méjì ni. Ó ní, "Ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ jù nílé?" Mo ní ìyá ọkọ mi ni. Mo tún un sọ: òun ni tẹ́lẹ̀. "Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n."

Ó kọ́ wa ní nǹkan díẹ̀. Ká bẹ̀rẹ̀ síwájú ọmọ kó rí ẹnu wa. Ká pa tẹlifíṣọ̀n. Tí a bá sọ̀rọ̀, ká dákẹ́, ká ka ení dé ẹ̀wá nínú ikùn kó tó di pé a tún sọ̀rọ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ẹnu àgbà kì í lè dúró dé ẹẹ́ta. Tó bá ní "omi", ká ní "omi tútù", ká fi ẹyọ kan kún ti ọwọ́ rẹ̀. Ká má sì ní kó "sọ ọ́, sọ ọ́ kí n gbọ́" mọ́, èyí tí mo ti fi ń há a mọ́gun láti bí ọdún kan, tí ọmọ á kàn máa wojú mi bí ẹni tí ọlọ́pàá dá dúró.

Alẹ́ la wọ Ìsánlú. Mo kúnlẹ̀ fún Màmá. Mi ò tíì sọ gbólóhùn kan tán tí wọ́n fi ní kí n gbé ọmọ wá, omi ìwẹ̀ ti ń tutù. Mo dúró lẹ́yìn ìlẹ̀kùn. Wọ́n gbé ojú ọmọ sún mọ́ tiwọn, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀: ọwọ́ rèé.

Nígbà tí a padà lọ, etí ọ̀tún ti gbẹ, ti òsì ò tíì gbẹ. Ìgbà kẹta ni méjèèjì tó mọ́. Kí ìyẹn tó dé, ní ìgbà àgbàdo, ọmọ Mọ̀pà gba àgbàdo sísè lọ́wọ́ tèmi, tèmi sì ké: "Àbàdo mi!" Ọ̀rọ̀ méjì. Kò tíì rí "gb" pè, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò mọ ẹni tó ni àgbàdo. Mi ò gbà á lọ́wọ́ èkejì padà fún un kíá. Mo fẹ́ kó tún un sọ.

Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé etí ni gbogbo rẹ̀ máa ń jẹ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ kan wà ní kíláàsì mi tó pé ọdún mẹ́ta, tó lè ka A dé Z, tó lè ka ení dé ogún, tó lè sọ ìpolówó ọjà orí tẹlifíṣọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ìyá rẹ̀ ń fi í yangàn. Ṣùgbọ́n kì í wẹ̀yìn tí a bá pè é, etí rẹ̀ sì dá ṣáṣá. Kì í na ìka. Tí àwọn yòókù bá ń se ọbẹ̀ iyanrìn, kì í bá wọn se é, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ kún ẹnu rẹ̀, kò sí ẹni tó ń sọ ọ́ fún. Mo pe ìyá náà sẹ́yìn kíláàsì, mo sọ ohun tí mo rí fún un. Ó bínú sí mi fún odindi sáà kan. Lẹ́yìn náà ó gbé e lọ, wọ́n sì ti ń tọ́jú rẹ̀ báyìí. Ohun kan tó tún yẹ kí èèyàn gbé ọmọ lọ kíákíá fún ni kí ọ̀rọ̀ tó ti ń sọ tẹ́lẹ̀ máa pòórá. Ẹ má ṣe dúró kó padà wá o.

Àkọ́bí mi ti wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ń bá mi sọ Yorùbá, ó ń bá olùkọ́ rẹ̀ sọ Gẹ̀ẹ́sì, òun àti Màmá ń sọ Ìyàgbà tó jinlẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ mí lójú mi. Tó bá ń yára sọ̀rọ̀, "ṣ" rẹ̀ ṣì máa ń yọ̀ lọ di "t". Àbúrò rẹ̀ obìnrin pé oṣù mẹ́tàlá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ń na ìka sí ohun gbogbo, sí alága ìjọ wa náà, mi ò sì gbá a.

Màmá ti wá di dókítà lọ́wọ́ ara wọn. Tí ìsìn bá parí, àwọn ìyá ọmọ máa ń gbé ọmọ wọn wá bá wọn lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á gbé ọmọ jókòó, wọ́n á ní kí ìyá rẹ̀ máa bá a ṣeré níwájú, wọ́n á wá lọ dúró sẹ́yìn pẹ̀lú ọ̀rá bisikíìtì. Èyí tó yíjú, wọ́n á ní ó ti tó, ẹ máa gbé e lọ. Èyí tí kò yíjú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, wọ́n á pè mí. Méjì ni mo ti kọ ìwé fún lọ sí Ìlọrin. Ìyá àwọn ọmọ ló ń ra bisikíìtì, àmọ́ ọmọ kì í jẹ nínú rẹ̀. Màmá ní iṣẹ́ òun ni.